"Articulation": orókún màmá mi, ẹnu ọmọ mi, àti tírélà. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

ỌmọLáfẹ́nwá, 7:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa ní Láfẹ́nwá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé mẹ́ta ló wọlé tọ̀ mí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní "articulation" nínú.

Èkíní ni èsì fọ́tò eegun orókún màmá mi. Ọsibítù kan tẹ̀ ẹ́ lé wa lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa, wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màmá ní kí n kà á sétí òun ní Yorùbá. Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù, fóònù ní "sísọ̀rọ̀ ketekete". Mo kà á bẹ́ẹ̀. Màmá wò mí sùn-ùn, wọ́n ní, "Orókún tèmi ni kò sọ̀rọ̀ ketekete? Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ta ni kì í gbọ́ ọ nínú ilé yìí?"

Èkejì wá láti iléèwé ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Tíṣà rẹ̀ kọ "poor articulation" síbẹ̀, kò ṣàlàyé kankan. Ọmọ tí kì í dákẹ́! Ohun kan ṣoṣo tí èmi rí ni pé gb kò yọ lẹ́nu rẹ̀. Bí àlejò bá bi í pé ọmọ ibo ni, á ní, "Ọmọ Ẹ̀bá ni mí, ọmọ Lísàbí."

Ẹ̀kẹta ni ti àbúrò mi tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti máa wa tírélà. "Articulated vehicle" ni wọ́n kọ sí i.

Ṣé ọ̀rọ̀ kan ni àbí mẹ́ta tó kàn jọra? Kí ni kí n pè é fún màmá?

Ìyá Olóúnjẹ Kútọ̀, 7:20 àárọ̀

Ẹ̀bá ọmọ Lísàbí! Ẹ bá mi gbá ọmọ yẹn mọ́ra. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀bà wà níbí, ọbẹ̀ náà wà.

TíṣàAké, 8:03 àárọ̀

Ìyá, ẹ tẹ́tí sí ọmọ náà dáadáa. Ẹ̀bá ló pè, kì í ṣe ẹ̀bà. Ohùn ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn òkè, bó ṣe wà lórí Ẹ̀gbá gẹ́lẹ́ ló gbé e. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ló ṣi.

Bàbá ọmọ, ìyẹn yẹ kó fún yín ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ètè àti ahọ́n kọ́ ni ibùjókòó ohùn. Tán-án-ná tó wà nínú ọ̀fun ni. Bó bá ń gbọ̀n kíákíá, ohùn á ròkè. Bó bá ń gbọ̀n pẹ̀lẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ọmọ Yorùbá máa ń tètè mú ohùn. Ẹnu ló máa ń pẹ́ kó tó le.

Gb sì le lóòótọ́. Ẹ dúró síwájú dígí kí ẹ pe "igbá", díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí i pé ètè yín méjèèjì pàdé. Ohun tí dígí kò ní fi hàn yín ni pé ẹ̀yìn ahọ́n yín ti lọ kan àfàsé, ibi rírọ̀ lẹ́yìn àjà ẹnu, lókè lọ́hùn-ún ní àkókò kan náà, méjèèjì á wá jọ tú sílẹ̀ pọ̀. Ẹnu ọ̀nà méjì lẹ tì lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì ṣí lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi ń pe irú ìró bẹ́ẹ̀ ní afàfàséfètèpè. Ọmọ yín ti ètè, ó gbàgbé àfàsé, ló bá di b.

P tiwa náà bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà tàn yín. P tó wà nínú "pápá" kì í ṣe p òyìnbó rárá. K àti p òyìnbó tó jọ jáde ni. Nígbà tí kò sí p òyìnbó nínú èdè wa, lẹ́tà kan tó fún un. W náà wà nínú ẹbí yìí, ṣùgbọ́n w kì í dí ọ̀nà èémí pa, ìyẹn ló ṣe rọrùn fún ọmọdé.

Iṣẹ́ tí ẹnu ń ṣe yìí ni "articulation" nínú ìwé iléèwé ọmọ yín. Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́: ìsẹ́nupè. Ibi ìsẹ́nupè ni ibi tí ẹ̀yà ẹnu ti pàdé, ọ̀nà ìsẹ́nupè ni irú ìpàdé tí wọ́n ṣe. Àwọn ẹ̀yà náà fúnra wọn ni àfipè. Èyí tó ń lọ káàkiri, bí ahọ́n àti ètè ìsàlẹ̀, ni àfipè àsúnsí. Èyí tó jókòó tí wọ́n ń wá bá, bí eyín òkè, erìgì, àjà ẹnu, ni àfipè àkànmọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí gb kò tíì yọ lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe aláìsàn. Tí àwọn àjèjì kò bá gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń sọ, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò etí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnu rẹ̀ jà.

ỌmọÌbàdàn_nílé_àna, 8:15 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi mẹ́ta pamẹ́ta. Ìsẹ́nupè fún ẹnu. Fún orókún, ìsẹ́po, nítorí ibẹ̀ la ti ń sẹ́ ẹsẹ̀ po. Sẹ́ àti sẹ́. Ó parí!

TíṣàAké, 8:19 àárọ̀

Ó parí ní Ìbàdàn nìkan. Níbi tó kù, ìṣẹ́po ni, pẹ̀lú ṣ, ìsẹ́nupè sì jẹ́ s. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jẹ "isu" lẹ lè rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

ỌmọÌbàdàn_nílé_àna, 8:21 àárọ̀

Isu náà dùn ju iṣu lọ. Mo ti gbà.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíAbà, 9:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsinmi ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti màmá.

Lọ́dọ̀ àwa tó ń tọ́jú ara, ibikíbi tí eegun ti pàdé eegun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Oríkèé ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpàdé náà lè máa yí bí ti èjìká, ó lè máa ṣí kó sì máa pa dé bí ilẹ̀kùn, bíi ti ìgbọ̀nwọ́, ó sì lè má mì rárá. Ẹ fọwọ́ kan orí ara yín: eegun agbárí kì í ṣe ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ ló so pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n rán. Orí ìkókó ni ẹ ti lè rí i pé kò tíì so tán. Àwùjẹ̀ tó ń sọ pípì pípì níwájú orí ni àlàfo tó wà láàárín àwọn eegun náà, ó sì sábà máa ń dí kí ọmọ tó pé ọdún méjì.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mọ́ mi nínú. Eegun àgbàlagbà jẹ́ 206. Kékeré kan wà nínú wọn tí ìrísí rẹ̀ dà bí irin tí wọ́n ń kàn mọ́ pátákò ẹṣin, lókè ọ̀fun, lábẹ́ ìdí ahọ́n. Kò bá eegun kankan pàdé. Iṣan ló fi so rọ̀. Òun sì ni gbòǹgbò ahọ́n dì mú. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbé ìyẹn yẹ̀ wò: eegun tí kò ní oríkèé kankan ni ahọ́n yín fi ṣe ìtìlẹ́yìn nígbà tó bá ń ṣe ìsẹ́nupè.

Ó wá ku ìwé màmá. Orúkọ ibi tí eegun itan ti pàdé eegun ojúgun lásán ni ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í ṣe orúkọ àrùn. Kí ni wọ́n kọ tẹ̀ lé e?

ỌmọLáfẹ́nwá, 9:52 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, àǹtí. Wọ́n kọ pé àlàfo àárín rẹ̀ ti dín kù.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíAbà, 10:05 àárọ̀

Ẹ̀hẹ́n. Àlàfo tí wọ́n ń wí yẹn kò ṣófo. Eegun rírọ̀ kan wà tó bo orí àwọn eegun yẹn, irú èyí tí ẹ máa ń fi eyín rún tẹ́ ẹ bá ń jẹ ẹran. Fọ́tò kì í gbé e jáde, nítorí náà dúdú ni ojú ibẹ̀ máa ń rí. Bó bá ti ń jẹ lọ, àwọn eegun méjèèjì á túbọ̀ súnmọ́ra nínú fọ́tò. Ìyẹn ló ń dún lórí àtẹ̀gùn.

Ẹ padà lọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún yín, kí dókítà fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Kó tó dìgbà náà, kí màmá má fi ìrora jókòó gbagidi sójú kan. Iṣan itan tó lágbára máa ń gba díẹ̀ nínú ẹrù orókún. Ẹ jọ̀wọ́, oògùn làkúrègbé tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì láti Pánsẹ́kẹ́, ẹ má fún wọn. Mo ti rí ẹni tó ń lo oògùn ara ríro lójoojúmọ́ lórí inú òfìfo, inú ló kọ́kọ́ dá egbò, kíndìnrín tẹ̀ lé e.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì_boy, 10:30 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, èmi máa ń fa ìka ọwọ́ mi kó lè dún kó. Màmá mi ní oríkèé mi á wú tí mo bá dàgbà.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíAbà, 10:41 àárọ̀

Afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi oríkèé ló ń dún bẹ́ẹ̀. Dókítà kan wà ní Amẹ́ríkà, Donald Unger, tí ìyá òun náà kìlọ̀ fún un. Ó ń fa ìka ọwọ́ kan ṣoṣo fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, ó fi èkejì sílẹ̀, ó wá fi wọ́n wéra. Kò sí ìyàtọ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ig Nobel ní 2009, ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń pani lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí tó kún o. Ìwọ ṣáà dẹ́kun rẹ̀ níwájú màmá rẹ.

Bàbá_Tírélà, 11:16 àárọ̀

Mo dúró síbi tí wọ́n ti ń bu sìmẹ́ǹtì ní Èwékorò, ìlà gùn, àyè wà láti kọ̀wé. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé oríkèé náà ni o. Orí ọkọ̀ dá wà, ara rẹ̀ tó ń ru ẹrù dá wà. Lẹ́yìn orí ni pèpéle onírin kan wà tí a ń kùn ní gírísì. Ọ̀pá irin ńlá kan yọ lábẹ́ ara, á wọ inú rẹ̀, á há. Bó ti há, orí lè yí sọ́tùn-ún sósì kí ara máa tẹ̀ lé e. Láìsí ìyẹn, báwo ni ọkọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ ya kọ́nà?

Ibẹ̀ náà ni ikú wà. Tí dírẹ́bà bá tẹ búrékì mọ́lẹ̀ lójijì nígbà òjò, orí á dúró, ara á ṣì máa bọ̀, yóò ká mọ́ orí bí ẹni sẹ́ ọ̀bẹ ìpadé. Bó bá ti ká, kò sí ohun tí ọwọ́ lè ṣe sí ìdarí ọkọ̀ mọ́. Ẹ sọ fún àbúrò: kó tó wọkọ̀, kó bẹ abẹ́ wò pé ọ̀pá irin náà ti há. Kó má gbà á gbọ́ lẹ́nu ọmọọṣẹ́.

AkàwéLátìn, 12:48 ọ̀sán

Mo lo ọdún díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ àwọn fádà kí n tó rí i pé mo fẹ́ gbéyàwó. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ níbẹ̀ ni Látìn, ẹ jẹ́ kó wúlò lónìí.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn ará Róòmù ń pe oríkèé ní *artus*. Oríkèé kékeré, bíi ti ìka, ni *articulus*. Wọ́n ń lo *articulus* yìí fún abala kékeré nínú ọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ ni "article" tó wà nínú òfin àti ìwé ìròyìn ti jáde. Àwọn Gíríìkì ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. *Arthron* ni oríkèé lọ́dọ̀ wọn, òun ló wà nínú "arthritis" tó ń yọ àwọn màmá wa lẹ́nu. Aristotle sì sọ pé ọ̀rọ̀ ènìyàn ni ohùn tí a fi ahọ́n ṣe oríkèé fún. Ẹranko ń pariwo, ariwo rẹ̀ gùn gbọọrọ bí ọ̀pá tí kò lójú. Èèyàn ló ń gé e sí kókó kókó bí oparun.

Bàbá Tírélà, inú yín á dùn sí èyí. Stuart Hall, ọmọ Jàmáíkà tó ṣiṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi irú ọkọ̀ yín gan-an ṣàpèjúwe bí èrò méjì ṣe ń so pọ̀ láàárín àwùjọ. Orí àti ara so pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n bí wọn pọ̀. A lè tú wọn, kí a fi orí mìíràn fà á.

Nítorí náà mo dábàá oríkèé fún gbogbo rẹ̀. Oríkèé ara, oríkèé ọkọ̀, oríkèé ọ̀rọ̀.

Bàbá_Tírélà, 12:55 ọ̀sán

Ọ̀mọ̀wé yẹn wa tírélà rí. Kò sí irọ́.

TíṣàAké, 1:30 ọ̀sán

Oríkèé ọ̀rọ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n mo kọ̀ ọ́. Tí mo bá kọ "oríkèé ọ̀rọ̀" sójú pátákó, àwọn ọmọ á rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ méjì ti so pọ̀ ni mò ń wí, bíi "ilé" àti "ìwé" tó di "iléèwé". Ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn Gíríìkì wo ẹnu, wọ́n rí eegun. Àwọn tó ṣẹ̀dá ìsẹ́nupè wo ẹnu, wọ́n rí ẹnu. Kí ló dé tí a ó fi fi ojú Gíríìkì wo ẹnu ara wa? Abẹ́òkúta yìí ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá jáde ní 1859, láti ìgbà náà la ti ń bá òyìnbó jà lórí bí a ó ṣe kọ ohun tí ẹnu wa ń pè. Ẹ má jẹ́ ká ti ìdí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pàdánù rẹ̀.

AkàwéLátìn, 1:37 ọ̀sán

Tíṣà, kò sẹ́ni tó ń pàdánù nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ rí i pé ìṣe kan náà ni. Ohun méjì pàdé, wọn kò lẹ̀ mọ́ra, ìpàdé wọn ló ń mú iṣẹ́ jáde. Ètè méjì, eegun méjì, orí ọkọ̀ àti ara ọkọ̀.

TíṣàAké, 1:40 ọ̀sán

Ìyẹn mo gbà. Fi ṣe àlàyé, má fi ṣe orúkọ.

Alágbà_Ìbarà, 3:22 ọ̀sán

Ẹ̀yin méjèèjì ń jà, ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi lójú ara mi.

Ìṣọ́ òru ni, ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ààjìn ti jìn, ìwàásù gùn. Mo yán. Mo yán débi tí nǹkan kan fi dún kó níwájú etí mi méjèèjì, ẹnu mi kò sì pa dé mọ́. Mo tì í, kò lọ. Mo fẹ́ ké pe ìyàwó mi pé "ẹ gbà mí". Ohun tó jáde ni "ẹ à ín". Mo tún un pè: "Ẹ à ín! Ẹ à ín!" Ìjọ dáhùn pé "Àmín". Wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló gbé mi. Ẹnì kan tiẹ̀ fẹ́ túmọ̀ rẹ̀.

Ìyàwó mi ló rí omijé lójú mi tó sì rí i pé itọ́ ń dà. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù lórí ọ̀kadà, ẹnu mi ṣí sílẹ̀ láti Ìbarà débẹ̀, gbogbo kòkòrò òru Abẹ́òkúta ló mọ̀ mí.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíAbà, 3:31 ọ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá, ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ yín ló yẹ̀. Ẹ̀yin tó kù, ẹ fi ìka síwájú etí yín kí ẹ la ẹnu: ohun tó ń mì níbẹ̀ yẹn ni oríkèé náà. Kì í ṣí bí ilẹ̀kùn nìkan, ó tún máa ń yọ̀ síwájú. Tó bá yọ̀ kọjá òkìtì eegun tó wà níwájú rẹ̀, iṣan á fún un mọ́bẹ̀, kò ní lè padà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, kó má jẹ́ kí ará ilé fi agbára tì í. Ọsibítù ni kó gbà lọ.

TíṣàAké, 3:44 ọ̀sán

Mo fẹ́ fi Alágbà ṣe àpẹẹrẹ ní kíláàsì, pẹ̀lú àṣẹ wọn. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ẹ gbà mí": gb ń fẹ́ ètè, ètè kò lè pàdé, gb lọ. M náà ń fẹ́ ètè, òun náà lọ, ṣùgbọ́n imú ṣì ṣí, ìyẹn ni ín fi kù níbẹ̀. Fáwẹ̀lì kò fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n dúró. Ohùn náà dúró: àárín, ìsàlẹ̀, òkè. Oríkèé eegun yẹ̀, ìsẹ́nupè bá a lọ. AkàwéLátìn, mo fún yín ní máàkì kan.

Onígángan, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Iṣẹ́ mi lẹ ń sọ látàárọ̀ tẹ́ ò dárúkọ mi. Gángan kò ní ètè, kò ní ahọ́n, kò ní àfàsé. Awọ àti ọṣán ni. Tí mo bá fi ìlù pe "ẹ gbà mí", bí Alágbà ṣe pè é lóru ọjọ́ yẹn gan-an ló ń dún. Bí mo bá ki Ẹ̀gbá, kò sí ìyàtọ̀ láàárín Ẹ̀gbá tí mo lù àti Ẹ̀bá tọ́mọ yẹn ń pè. Ìdí tí onílù kì í fi lu ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lásán nìyẹn. A máa ń lù ú gùn, kí ìyókù gbólóhùn lè fi mọ ibi tó ń lọ. Ẹ mú ọmọ yẹn wá fún mi. Etí rẹ̀ dára.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì_boy, 5:14 ìrọ̀lẹ́

Alágbà, báwo ni wọ́n ṣe wá dá ẹnu yín padà?

Alágbà_Ìbarà, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Dókítà ọmọdébìnrin kan ni, kò tó àkọ́bí mi. Ó fi báńdéèjì wé àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì kí n má baà gé e jẹ, ó tì wọ́n sórí eyín mi tẹ̀yìn nísàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó tì í sẹ́yìn. Kó! Ó padà. Ó ní kí n sọ nǹkan kan kóun gbọ́. Mo ní, "Gbogbo àgbà ìjọ pátá ló purọ́."

ỌmọLáfẹ́nwá, 8:37 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti ka ìwé náà fún màmá. Mo ní, "Níbi tí eegun itan ti pàdé eegun ojúgun, àlàfo tó wà láàárín wọn ti dín kù." Màmá ní, "Ṣé gbogbo ìyẹn ni pé orókún ń dùn mí? Èmi ni mo kúkú sọ fún wọn bẹ́ẹ̀."

Àbúrò ti lọ bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò.

Èmi àti ọmọ dúró síwájú dígí nírọ̀lẹ́ yìí. Mo ní kó ṣe g lẹ́yìn, kó ṣe b níwájú, kó wá pa wọ́n pọ̀. Ó gbìyànjú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ọmọ Ẹ̀bá mọ́. Ó ti di ọmọ Ẹ̀wá.

Ìyá Olóúnjẹ Kútọ̀, 8:41 alẹ́

Ẹ̀wà náà wà!

TíṣàAké, 8:43 alẹ́

Ìyá. Ẹ̀wá ló pè. W sì ti bá gb tan, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa bọ̀.